Ìtọ́jú CAR-T fún jẹjẹrẹ myeloma: ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni?

Ọ̀rẹ́ mi kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní wọ́n ti rí ìwòsàn fún multiple myeloma, pé tí wọ́n bá ti fà á sí èèyàn lára lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ó bi mí pé, "Ṣé kí n sọ fún Mọ́mì?" Houston ni ìyá rẹ̀ ń gbé, àìsàn yìí sì ti padà sí wọn lára lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ nìyẹn, ni mo bá jókòó tì í.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni jẹjẹrẹ yìí ń gbé. Ó máa ń jẹ egungun, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù lára, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀yìn ríro ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì rò pé ọjọ́ orí lásán ni. Ní Amẹ́ríkà, ó ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ funfun. Colin Powell ń gba ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Kòrónà pa á ní 2021.

Oògùn wà fún un o. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó máa ń padà wá, oògùn tó sì ṣiṣẹ́ lánàá lè má ràn án mọ́.

Nínú CAR-T, ẹ̀rọ á fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, á yọ sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn àwọn sójà ara, á sì dá ìyókù padà. Ní láàbù, wọ́n á fi fáírọ́ọ̀sì tí kò lè pa èèyàn lára mọ́ gbé ìlànà tuntun wọ inú àwọn sójà náà, kí wọ́n lè dá BCMA mọ̀, àmì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì myeloma. Wọ́n á wá jẹ́ kí wọ́n bí sí i lọ́nà àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àìsàn ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Fídíò yẹn ò sọ èyí. Lẹ́yìn náà ni kímò ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó dá àwọn sójà náà padà sára, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòótọ́.

Àjọ FDA fọwọ́ sí Abecma ní oṣù kẹta 2021, wọ́n fọwọ́ sí Carvykti ní oṣù kejì 2022. Èèyàn 97 ni wọ́n fún ní Carvykti nínú ìwádìí àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn tí oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán fún. Ó ṣiṣẹ́ lára gbogbo wọn tán, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 32 ni àìsàn ò tíì padà sí lára, láìlo oògùn myeloma mìíràn. Fún ẹni tí wọ́n ti ní kò sí nǹkan tó kù, 32 kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, 32 kì í ṣe 97.

Ewu ńkọ́? Ibà líle, kí ẹ̀jẹ̀ ríru já wálẹ̀, kí orí dàrú, kí àrùn mìíràn ráyè wọlé. Ní 2024, FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i pé ó lè fa jẹjẹrẹ mìíràn látinú àwọn sẹ́ẹ̀lì T. Owó rẹ̀ nígbà tó jáde jẹ́ $465,000, oògùn nìkan, kò kan bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ìnira lèyí jẹ́ lójú tèmi, pàápàá fún àwọn tí àìsàn náà ń mú jù.

Èsì tí mo fún ọ̀rẹ́ mi ni pé kó sọ fún wọn. Láti oṣù kẹrin 2024, kò dìgbà tí gbogbo oògùn bá tán mọ́ kí dókítà tó lè gbà wọ́n láàyè. Kó kọ orúkọ gbogbo oògùn tí Mọ́mì ti lò sílẹ̀, kó sì béèrè ohun tí wọ́n máa fi dá àìsàn náà dúró ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn sójà bá wà ní láàbù.