Ẹ̀gún Gágá Niyì Ọrùn: Lórí Ríra Sílíńdà Òmòòkùn Àlòkù

"Funfun niyì eyín, ẹ̀gún gágá niyì ọrùn." Arẹwà ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí yìn, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ló ń sọ: a kì í wá funfun lára ọrùn, a kì í sì í wá ìnàró lẹ́nu. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí à ń wò lára rẹ̀. Òwe náà máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rí ẹni tó fẹ́ ra sílíńdà afẹ́fẹ́ àlòkù, irú èyí tí àwọn òmòòkùn ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wọ inú òkun. Ọ̀dà ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní sílíńdà ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ lásán ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, irú èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Bí wọ́n ṣe kì í mọ́nú ni ọ̀rọ̀ wà. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba nǹkan bíi pọ́n-ùn 32 lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó; sílíńdà álúmíníọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ń gba 3000. Ẹni tí táyà tírélà bá ti bẹ́ létí rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù fọganáísà yóò mọ ìdí tí ìjọba fi dá sí i.

Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà ló ṣòfin rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé lójú òfin, ẹrù eléwu tó ń gba títì kọjá ni. DOT, orúkọ ẹ̀ka náà, ló bẹ̀rẹ̀ òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sí èjìká sílíńdà. Bí ẹ bá rí DOT-3AL3000, 3AL ni álúmíníọ̀mù (3AA ni irin), 3000 sì ni ipá tí wọ́n lè rọ sí i. Oṣù àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún márùn-ún márùn-ún ni ìdánwò, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ tirẹ̀: oṣù níwájú, ọdún lẹ́yìn, àmì ẹni tó dán an wò láàárín.

Ṣùgbọ́n ìdánwò yàtọ̀ sí àyẹ̀wò, àdàpọ̀ méjèèjì yìí ló sì ń kó àwọn olùrà sí wàhálà. Níbi ìdánwò, wọ́n á tú fáàfù, wọ́n á rọ omi kún sílíńdà, wọ́n á gbé e sínú àgbá irin tí omi wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá tẹ omi mọ́ ọn nínú títí dé 5000. Omi ni wọ́n ń lò nítorí pé omi kì í ṣeé kì bí afẹ́fẹ́: bí sílíńdà bá tilẹ̀ là, kò ní bú gbàù. Ara rẹ̀ á wú díẹ̀, omi inú àgbá á sì fi bó ṣe wú tó hàn. Wọ́n á tú ipá náà sílẹ̀. Bí ohun tí kò padà sípò bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wíwú rẹ̀ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ara ni ìdánwò yẹn ń bi léèrè. Àwọn álúmíníọ̀mù àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi irú tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 6351 rọ. Ọrùn wọn ló ń sán. Ipá tó wà nínú wọn nígbà gbogbo ló ń là wọ́n díẹ̀díẹ̀, ọdún lórí ọdún, láti ibi tí fáàfù ń yí wọ̀. Irú sílíńdà bẹ́ẹ̀ lè yege nínú omi lónìí, kó sì bú lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá ń rọ afẹ́fẹ́ sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì ṣe àwọn tó ń rọ ọ́ léṣe. Ilé-iṣẹ́ Luxfer, tó rọ púpọ̀ nínú wọn, yí padà sí 6061 ní Amẹ́ríkà ní 1988. Láti 2007, òfin ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ oníná mànàmáná wá ọrùn àwọn 6351 yìí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń dán wọn wò.

Àyẹ̀wò ní tirẹ̀, ojú ni: wọ́n á tú fáàfù, wọ́n á fi iná àti dígí kékeré wo inú, èjìká àti ọrùn. Àwọn kan gbà pé òfin ìjọba Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n máa ṣe é lọ́dọọdún. Àṣà àwọn oníṣẹ́ náà ni, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kò ní rọ afẹ́fẹ́ sí èyí tí kò ní àmì rẹ̀ lára. Ní Bìrìtìkó, ọdún méjì ààbọ̀ ni àyẹ̀wò, ọdún márùn-ún ni ìdánwò. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ta sílíńdà fún yín tó ní "wọ́n ti dán an wò" kò tíì dáhùn. Ẹ bi í pé èwo ni, àti nígbà wo.

Àyẹ̀wò yìí kan náà ló ń gba ẹlẹ́mìí là lọ́wọ́ sílíńdà onírin. Bí omi díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì tì í pa sínú yàrá ẹrù fún ọdún púpọ̀, yóò dípẹtà, ìpẹtà náà yóò sì máa jẹ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Aago òṣùwọ̀n á ní ó kún. Ẹni tó bá gbé e mòòkùn lè dákú lábẹ́ omi láìfura.

Òwe wa ńkọ́? Ọ̀dà yẹn ló dá wa padà sí i. Ọ̀dà tuntun tó ń dán gbinrin lára àgbà sílíńdà álúmíníọ̀mù yẹ kó bà yín lẹ́rù, nítorí bí wọ́n bá ti fi ooru yan ọ̀dà náà kó lè gbẹ, tí ooru ọ̀hún sì kọjá 350 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, agbára ti kúrò lára irú sílíńdà bẹ́ẹ̀, òfin sì ti dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àti olùtà jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́, kó tú fáàfù rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ tó kúrò nílé olùtà pàápàá, ẹ tẹ ìka yín lọ sórí òǹtẹ̀ èjìká náà lábẹ́ ọ̀dà. Bí ẹ bá kan àmì X tí wọ́n lù tẹ̀ léra lórí DOT-3AL3000, ẹni tó dán an wò ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kan ló sì kùn ún kí ẹ má baà rí i.