Ìsọ̀ Aṣọ, Ìsọ̀ Ìlẹ̀kẹ̀ àti Ìsọ̀ Ẹ̀rọ: Ìtàn Ọjà Ohun Ẹ̀ṣọ́ ní Ìlọrin

Ìtàn bí Ìlọrin ṣe di ibi tí àwọn èèyàn ti ń ra ohun ẹ̀ṣọ́ àti ohun ìgbàlódé fọ́n káàkiri. Díẹ̀ wà nínú ìwé àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, díẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn ayé ìjọba amúnisìn, èyí tó pọ̀ jù sì wà lẹ́nu àwọn àgbà agbo ilé oníṣẹ́ ọwọ́, tí kálukú wọn ń gbé ilé tirẹ̀ lékè. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ. Ní ti orúkọ ìlú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ní "ìlú erin" ni, àmọ́ òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni mo gbà ní tèmi.

Kí Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, tó kẹ̀yìn sí Aláàfin, ìlú kékeré ni Ìlọrin, ohun tí a lè sọ nípa ọjà rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ọjà gbilẹ̀, nígbà tí Abdulsalami, ọmọ Shehu Alimi, àáfà Fúlàní, di Émíà àkọ́kọ́, tí àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé sì ń ya wọ̀lú pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn Gàmbàrí ń kó kánún, awọ àti ẹṣin sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń gbé obì àti ẹrù òyìnbó gòkè, Ìlọrin sì jókòó sáàárín bí alágàtà tó ń jẹ níhà méjèèjì. Wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá kọ ìtàn ọjà Ìlọrin tó fo ìyẹn, kò kọ ìtàn. Lára àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, Bowen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Amẹ́ríkà, dé ìlú náà ní 1855. Rohlfs, ará Jámánì, kọjá níbẹ̀ ní 1867 nígbà tó ń ti Bọ̀rnó bọ̀ wá sí Èkó.

Nínú gbogbo ọjà ayé ìgbà náà, lántànà ló dùn mọ́ mi jù. Òkúta pupa tó ń dán ni, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ti ọwọ́ fún ọba, ìjòyè àti ọlọ́rọ̀. Wọn yóò fọ́ òkúta wẹ́wẹ́, wọn yóò gbẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́ẹ́ dọ́gba, wọn yóò lu ojú ihò sí i, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn títí tí yóò fi máa kọ mànà. Lílu ihò yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀ péré, òkúta yóò là sí méjì, wàhálà ọjọ́ náà sì di asán.

Níbo ni iṣẹ́ yìí ti wá? Àwọn ilé onílántànà sọ pé Ọ̀yọ́-Ilé ni àwọn baba wọn ti gbé e wá. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ òkè ọya ni, nítorí pé ọ̀nà òkè ni òkúta ọ̀hún ń gbà wọ̀lú, àti pé wọ́n ń ṣe lántànà ní Bida náà, gẹ́gẹ́ bí Nadel ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Nupe ní 1942. Ọ̀rọ̀ ti òkúta kò tó ẹ̀rí lójú mi. Ṣebí sílíìkì pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì náà gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ wa, síbẹ̀ kò sí ẹni tó torí ìyẹn sọ pé àlejò ni àlàárì. Ti Bida ló le díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ kan wà nílùú méjì kò sọ èyí tó ṣáájú, nígbà tí ìtàn ilé àwọn ará Ìlọrin fẹnu kò sí Ọ̀yọ́. Ti Ọ̀yọ́-Ilé ni mo fara mọ́.

Ní ti aṣọ òfì, àríyànjiyàn tó wà lórí ìlú tó kọ́kọ́ hun ún kò lè tán láé, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ọkùnrin ló ń hun èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n máa ń rán pọ̀ di agbádá tàbí ìró, àti pé ẹtù, sányán àti àlàárì Ìlọrin rìn jìnnà.

Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun ìlú náà ní 1897, ọkọ̀ ojú irin sì dé ní 1908. Ọkọ̀ yìí ló ba ipò alágàtà jẹ́, nítorí pé ẹrù lè kọjá láìdúró báyìí. Nígbà tí J. D. Clarke kọ̀wé lórí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti ahunṣọ Ìlọrin ní 1938, ayé lántànà ti ń wọ̀ọ̀kùn. Ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ òkèèrè ti kún ọjà, ojú àwọn ọ̀dọ́ sì ti kúrò lára ti àtijọ́. Òfì ní tirẹ̀ kò kú, aṣọ ìgbéyàwó ló gbà á là.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, tí Ìlọrin di olú-ìlú rẹ̀, tí Yunifásítì Ìlọrin sì bẹ̀rẹ̀ ní 1975, òṣìṣẹ́ ìjọba àti akẹ́kọ̀ọ́ di oníbàárà pàtàkì. Ọjà aṣọ àti ẹ̀rọ wá ń kúrò lẹ́bàá ààfin, ó ń lọ sí òpópónà ńlá, bí i èyí tí wọ́n fi orúkọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo pè, gómìnà tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ 1976. Asọ̀rọ̀mágbèsì àti tẹlifíṣọ̀n wà ní ìsọ̀ kan, bọ́síkọ̀rọ̀ wà lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Láàárín ìgbà náà ni ṣáínì-ṣáínì wọ inú òfì, òwú tó ń dán yinrinyinrin tí wọ́n ń kó wá láti Japan. Ní ti ọjà ẹ̀rọ, ní Akihabara, ní Tokyo, àwọn tó ń pàtẹ ohun èlò rédíò lẹ́yìn ogun àgbáyé tó parí ní 1945 ló bẹ̀rẹ̀ ọjà ẹ̀rọ tó lókìkí káyé lónìí. Bákan náà ni tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀, orí àtẹ.

Fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún aráàlú ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Kò pẹ́ tí àdúgbò Challenge fi di ìdí fóònù ní Ìlọrin, bẹ̀rẹ̀ láti orí titun àti tòkunbọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún un ṣe lábẹ́ agbòòrùn. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ń tà lórí WhatsApp, wọn kò ní ìsọ̀ rárá.

Bí ẹ bá ní irinṣẹ́ lántànà nílé, tàbí okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti agbo ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tà á.