Láti Orí Késárì Dé Ẹnu Ìwọ̀: Ìtàn Tó Wà Nínú Orúkọ Àwọn Ohun Èlò Ìpẹja Àtijọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sábà máa ń pín orúkọ Yorùbá sí àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì àti ìnagijẹ, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn nìkan ló ń jẹ́ orúkọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò lórí ènìyàn, kí n gbé e ka orí ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò ní kà sí: ìwọ̀, ìjẹ ẹ̀tàn, àti kẹ̀kẹ́ kékeré tí àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Faransé àti Swídìn ń ká okùn ìwọ̀ sí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìbéèrè tí mo ń bi àwọn orúkọ wọ̀nyí kò ju ẹyọ kan lọ: ilé ta ni ẹni tó sọ ọ́ ń wò?

A mọ̀ pé ìbéèrè náà tọ́ láti ara ìlú tí a wà yìí. Àjàṣẹ́ ni Yorùbá ń pè é, Hogbonu ni àwọn Gun ń pè é, àwọn Potogí sì sọ ọ́ ní Porto-Novo, èbúté tuntun. Ta ni ó tuntun sí? Ojú ẹni tó ń ti orí òkun bọ̀ ló wà nínú orúkọ náà, kì í ṣe ojú onílé.

Ní ọdún 1496, Wynkyn de Worde tẹ ìwé kékeré kan nípa ìpẹja jáde ní Westminster, èyí tí a mọ̀ sí Treatyse of Fysshynge wyth an Angle. Ìwé náà ka eṣinṣin àtọwọ́dá 12. Eṣinṣin àtọwọ́dá ni ìwọ̀ tí a fi òwú àti ìyẹ́ wé títí ó fi jọ kòkòrò, kí ẹja lè rò pé oúnjẹ ni. Oṣù ni wọ́n fi tò wọ́n, láti oṣù kẹta dé oṣù kẹjọ, orúkọ wọn kò sì ní ìṣòro kankan: òmíràn jẹ́ orúkọ àwọ̀, bíi pupa tàbí ìyeyè, òmíràn jẹ́ orúkọ kòkòrò tó jọ, bíi agbọ́n. Odò ni ilé tí wọ́n ń wò nígbà náà. Ẹni tó bá mọ odò mọ orúkọ. Nígbà tí Alfred Ronalds gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1836, tó fi orúkọ Látìn ti kòkòrò kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ tí àwọn apẹja ń pè é, odò náà ni òun pẹ̀lú ṣì ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló fi wò ó.

Nǹkan yí padà láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1854, James Wright, ẹni tó ń di eṣinṣin àtọwọ́dá ní Sprouston lẹ́bàá odò Tweed, ṣe ọ̀kan fún William Greenwell, àlùfáà kan ní Durham. Greenwell's Glory ni wọ́n sọ ọ́, Ògo Greenwell. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ náà kò sọ àwọ̀, kò sọ kòkòrò, kò sì dárúkọ ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í. Ẹni tó ra iṣẹ́ ló gba oríkì. Mo ka èyí sí ìyípadà tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí láti ìgbà náà ni orúkọ ti kúrò létí odò lọ sí ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìṣọ̀wọ́ yìí ni Tup's Indispensable. R. S. Austin, ará Tiverton ní Devon, ló ṣe eṣinṣin náà ní nǹkan bí ọdún 1900. Agbẹjọ́rò kan tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé nípa ìpẹja, G. E. M. Skues, ló sọ ọ́ lórúkọ. Tup ni àgbò ní ẹnu àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì rẹ̀ sì ni ohun tí àwa ń pè ní kòṣeémánìí. Kòṣeémánìí Àgbò, ó tán. Ṣùgbọ́n Skues mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á kò mọ̀: irun tó wà lára ẹpọ̀n àgbò wà lára ohun tí Austin fi ń ṣe ikùn eṣinṣin náà. Àṣírí yìí ni ìdílé Austin fi ń jẹun. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń bá títà rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn ọdún 1930 sì ti wọlé kí a tó tú àṣírí náà fún gbogbo ayé. Kí àwọn onígírámà wa wá wò ó: nínú ẹ̀yán oní-ǹǹkan yìí, ta ni ohun náà jẹ́ kòṣeémánìí fún? Bí a bá ní apẹja ni, orúkọ ọjà lásán ni. Bí a bá ní àgbò fúnra rẹ̀ ni, àwàdà ni, òtítọ́ sì ni pẹ̀lú. Pọ́nna náà wà nínú Yorùbá bó ṣe wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, láìjẹ́ pé a fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣeé gbé bọ̀ báyìí. Kùmọ̀ kékeré tí àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń lu ẹja lórí pa ń jẹ́ priest, àlùfáà, nítorí pé òun ló ń dúró ti ẹni tó ń kú lọ. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́, níbi tí àlùfáà ti jẹ́ ti mọ́sálásí kó tó jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, àwàdà náà á kú sí mi lẹ́nu. Àfi kí n sọ pé àlùfáà Àgùdà ni, kí n sì tún ṣàlàyé òróró tí wọ́n ń fi yan ẹni tó wà lórí àìsàn.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi gbogbo ara wá irú ìtàn báyìí kiri ni Mary Orvis Marbury, ọmọ oníṣòwò ohun èlò ìpẹja ní ìpínlẹ̀ Vermont. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn apẹja káàkiri Amẹ́ríkà, ó bi wọ́n pé eṣinṣin wo ni wọ́n fẹ́ràn, àti pé báwo ló ṣe gba orúkọ rẹ̀. Ìwé rẹ̀, Favorite Flies and Their Histories, jáde ní 1892. Nínú rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé Royal Coachman kò ní ọba kankan nínú. Ìgbàanú ṣẹ́dà pupa tí John Haily fi di ìdí eṣinṣin tó ń jẹ́ Coachman ní 1878 ló mú kí wọ́n sọ pé ó múra bí ọmọ ọba. Aṣọ ló jọba níbẹ̀.

Ọgbọ́n ìwádìí Marbury ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yá lò. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé ìbéèrè tí a fi Faransé kọ lọ bá àwọn apẹja wa, tó ní kí ni ẹ ń pe nasse, ìgèrè ni wọn yóò dá a lóhùn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì máa lọ. Ìgèrè tó ní ẹnu kan àti èyí tó ní méjì, ti odò tó ń ṣàn àti ti ọ̀sà, gbogbo wọn á wọ inú ọ̀rọ̀ kan lọ. Ọ̀rọ̀ acadja, ìyẹn ẹ̀ka igi tí a ń rì sínú adágún Nokoué àti ọ̀sà Porto-Novo kí ẹja lè sá sí i, nìkan ló bọ́: àwọn onímọ̀ ìpẹja gbà á wọ inú Faransé bó ṣe rí. Ìbéèrè tó yẹ ni èyí tí Marbury béèrè: kí ló dé tí ẹ fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ta ló sì kọ́kọ́ pè é?

Ní ọ̀rúndún ogún, ilé iṣẹ́ ló ń sọ orúkọ, olùrà sì ni wọ́n ń wò. Hardy ti ń pe kẹ̀kẹ́ okùn rẹ̀ ní Perfect, aláìlábùkù, láti 1891. N kò rí ohun púpọ̀ sọ nípa irú ìyìn ara-ẹni bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ń jẹ́ Shakespeare kò ní í ṣe pẹ̀lú akéwì: William Shakespeare mìíràn ní Kalamazoo ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1897, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. ABU ti Swídìn dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago ni wọ́n ń ṣe ní Svängsta nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1921, AB Urfabriken, ilé iṣẹ́ aago. Nígbà tí wọ́n wá di gbajúgbajà nídìí kẹ̀kẹ́ ìpẹja, aago ṣì wà nínú lẹ́tà U náà, kò sí ẹni tó rí i mọ́. Mepps tí àwọn Faransé ń ṣe láti 1938 rí bákan náà. Manufacturier d'Engins de Précision pour Pêches Sportives ni wọ́n gé kúrú. Ará Cotonou lè tú u. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti rà á jù, ọ̀rọ̀ kan lásán ni.

Dardevle gba àlàyé díẹ̀ sí i. Ìjẹ ẹ̀tàn onírin tó rí bí ṣíbí ni. Lou Eppinger ní Detroit ló ń ṣe é, Osprey ló sì kọ́kọ́ ń jẹ́. Ní ìparí ogun àgbáyé kìíní, ó yí orúkọ rẹ̀ padà láti fi yin àwọn ọmọ ogun Marine Amẹ́ríkà, tí ìnagijẹ wọn jẹ́ ajá sàtánì. (Sàtánì ni mo kọ, n kò kọ Èṣù; ẹni tó bá mọ ohun tí ìtumọ̀ Bíbélì ṣe fún Èṣù kò ní béèrè ìdí.) Daredevil ni ó yẹ kí wọ́n kọ, aláyà-bí-àṣá tó ń ko sàtánì lójú. Wọ́n ní kí inú àwọn ẹlẹ́sìn má baà bàjẹ́ ni wọ́n ṣe yí lẹ́tà rẹ̀ po. Àwa náà ní èèwọ̀ orúkọ: a kì í pe ejò ní òru, okùn ilẹ̀ ni à ń wí, a kì í sì í pe ṣọ̀pọ̀ná, ilẹ̀ gbígbóná ni. Ṣùgbọ́n tiwa ń pa ìró tì pátápátá, ó ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn dípò. Ní ti Dardevle, ìró wà níbẹ̀ gedegbe, lẹ́tà nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ojú ni wọ́n ń ṣèèwọ̀ fún, kì í ṣe etí. Wọ́n sì ya orí sàtánì sí ẹ̀yìn ṣíbí náà!

Heddon, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Dowagiac ní Michigan, ní ìjẹ onígi kan tó ń jẹ́ Zaragossa. Nígbà tí apẹja bá ń fa okùn rẹ̀, á máa ju ìdí sọ́tùn-ún sósì lójú omi. Ìtàn tó gbilẹ̀ ni pé ó rán wọn létí ìrìn àwọn obìnrin tó ń ṣòwò ara wọn ní òpópónà Zaragoza ní Pensacola, Florida. Pensacola ti wà lábẹ́ àwọn Sípéènì rí, orúkọ ìlú Sípéènì ni òpópónà náà sì ń jẹ́. Ìlú yẹn fúnra rẹ̀ gba orúkọ lọ́wọ́ Késárì Augustus: Caesaraugusta ni àwọn ará Róòmù pè é, àwọn Lárúbáwá sọ ọ́ di Saraqusta, ó sì di Zaragoza lẹ́nu àwọn Sípéènì. Nígbà tí Heddon bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike tí ojú ń là kọjá ṣe ìjẹ rẹ̀ dípò igi, wọ́n pe irú ìyẹn ní Spook, iwin. Nígbà tó kan Zaragossa, wọ́n gé e kúrú, ó di Zara Spook, orúkọ tó ṣì ń jẹ́ títí di òní. Kò jọ pé ẹni tó gé e ro Látìn kankan. Síbẹ̀, ibi tí ọ̀bẹ bọ́ sí gan-an ni oríkèé ọ̀rọ̀ náà: gossa ló bá Augustus lọ, Zara tó kù sẹ́nu apẹja ni Késárì.