Ilé Tí Màmá Ń Béèrè

Màmá àgbà mi ní Ayétòrò kì í yé béèrè ilé rẹ̀. "Ẹ mú mi lọ sílé." Ilé ọmọ rẹ̀ ló sì wà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Gbogbo wa ti gbà pé ó ń ṣarán. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé ilé wo. Ó ṣàpèjúwe ẹ̀ dáadáa: ilé pákó, afárá pákó níwájú ẹ̀, ìdáná ńlá lápá kan. Ilé yẹn wà lóòótọ́. Òkun ló gbé e lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti wo The Father, fíìmù 2020 tí Anthony Hopkins fi gba Oscar ní 2021, ẹ máa rántí bí ẹrù ṣe ń pòórá lójú bàbá arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Òǹwòran mọ̀ pé orí bàbá ni wàhálà wà. Ní Ayétòrò, iyè ń ra, ilẹ̀ náà sì ń lọ. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tiwa ńkọ́? Ìyá arúgbó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yéni, àjẹ́ ni wọ́n máa fi ṣe. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ kí fíìmù tó parí.

Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàárín àwọn arúgbó Ìdíkàn, n'Íbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó ṣáájú. Àárín àwọn Cree ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo irú ìdánwò náà, kó lè bá ẹni tí kò kàwé mu. Wọ́n tún ń bi mọ̀lẹ́bí tó ń bá arúgbó gbé. Nínú èsì tó jáde ní 2001, nínú 1,000 arúgbó, nǹkan bí 13 ni àrùn náà ń mú lọ́dún n'Íbàdàn. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32. Àìsàn ni, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Èmi tí mò ń kọ kóòdù, ó yẹ kí n ti mọ̀: tí èsì bá rí wúruwùru, ká kọ́kọ́ yẹ ìbéèrè wò.

Ní 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n tako pípa ìbejì tí wọ́n sì jìyà ẹ̀, tẹ Ayétòrò dó. Àpò kan ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Ní 1953 iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 1968, ètò àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ rò ó wò: lábẹ́ ètò yẹn, ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ kò ní tìtorí ẹ̀ pàdánù oúnjẹ. Lónìí, àǹtí mi ti pa ẹja yíyan tì nítorí Màmá. Àwa tó wà ní Èkó ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, a wá rò pé a ti tọ́jú ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, àǹtí mi máa ń sọ fún un pé òkun ti gbé ilé. Màmá á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ní báyìí, ó kàn ń bi í pé, "Màmá, kí lẹ máa ń sè ní ìdáná yẹn?" Màmá á rẹ́rìn-ín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oúnjẹ. Fíìmù tí mo fẹ́ wò nìyẹn.