Níbo Ni D Ti Wá? Ìtàn Yàrá Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Gbogbo àwa tí a ti gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá ẹnjiníà rí la mọ ìbéèrè yìí: "Ṣé nǹkan pàtàkì wà ní C?" Tí a bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á ní ká kó o lọ sí D kí òun tó fọ́máàtì. Tí kò bá wá sí D ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì, fọ́tò ìgbéyàwó, ohùn màmá àgbà tó ti lọ, gbogbo rẹ̀ lè pòórá kí oúnjẹ tó jinná. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn wò: kí ló mú kí èèyàn máa pín dísìkì kan ṣoṣo sí yàrá-yàrá?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ní 1971, Ken Thompson àti Dennis Ritchie ń ṣiṣẹ́ lórí Unix, sístẹ́ẹ̀mù tí Linux òde òní fi ṣe àwòkọ́ṣe. Dísìkì ayé ìgbà yẹn kéré gan-an. Unix fúnra rẹ̀ ní dísìkì tirẹ̀. Fáìlì àwọn tó ń lò ó wà lórí òmíràn, tí wọ́n pè ní /usr. Nígbà tó yá, Unix sanra, dísìkì rẹ̀ ò gbà á mọ́, ló bá ń kó ẹrù rẹ̀ wọ /usr díẹ̀díẹ̀. Àlejò wá di onílé. Títí dòní, tí ẹ bá ṣí Linux, sọ́fítíwíà ló kún inú /usr. Inú /home ni fáìlì èèyàn kó lọ.

Dísìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Pípín ẹyọ kan sí méjì lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ní 1983, nígbà tí IBM gbé PC XT jáde pẹ̀lú DOS 2.0. Dísìkì rẹ̀ jẹ́ 10 MB, ìyẹn ò ju fọ́tò méjì mẹ́ta lọ lórí fóònù wa. A àti B ti jẹ́ ti dísìkì pẹlẹbẹ, ìdí nìyẹn tí dísìkì inú fi ń jẹ́ C. Ní ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì náà, wọ́n fi àyè mẹ́rin sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ pé yàrá báyìí bẹ̀rẹ̀ níbí, ó parí lọ́hùn-ún. Kì í ṣe torí fáìlì wa ni wọ́n ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí sístẹ́ẹ̀mù tó yàtọ̀ síra lè jọ gbé inú dísìkì kan ni.

D fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀ranyàn ló bí i. DOS ìgbà yẹn ò lè ka yàrá tó bá ju 32 MB lọ. Ẹni tó ra dísìkì 40 MB ní 1987, tó ń lo DOS 3.3, ó di dandan kó pín in. Lẹ́yìn ọ̀ranyàn yẹn làwọn èèyàn wá rí àǹfààní ibẹ̀: tí C bá dàrú, ẹ lè pa á rẹ́, kẹ́ ẹ tún un ṣe, D ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa kì í kó gbogbo àgbàdo sínú yàrá tí wọ́n ń sùn. Àká wà lọ́tọ̀. Tí òrùlé ilé bá jò, tí ògiri bá wó, wọ́n á tún ilé mọ. Oúnjẹ ọdún náà ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ wo Ìgànmú níbí. Àwọn ará Bulgaria ló kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè, ilé tó dà bíi fìlà sójà yẹn, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1976. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayẹyẹ FESTAC ti wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1977. Nígbà tí àlejò túká, ìjọba dá Centre for Black and African Arts and Civilization, CBAAC, sílẹ̀ láti máa tọ́jú ìwé, fọ́tò, fíìmù àti iṣẹ́ ọnà tí FESTAC fi sílẹ̀. Ilé jẹ́ ìṣẹ́ àwọn kan, ẹrù jẹ́ iṣẹ́ àwọn mìíràn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ilé náà rí ojú ayé: ó gbó, ó jò, wọ́n tì í pa, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká, wọ́n sì tún un ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, 2025. Ohun tí FESTAC bí kò gbọ́dọ̀ máa bá òrùlé kan jò. Lójú àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà, C ni ilé yẹn, D ni CBAAC.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń rà kì í sábà ní ju C nìkan lọ. Láti ìgbà Windows Vista ní 2007, Disk Management tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ ti lè gé lára C fún D, láìfọ́máàtì ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ kó nǹkan yín sí ibòmíràn ṣáá kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ má sì gbàgbé pé inú C ni Desktop, Downloads àti Documents ń gbé. Ẹni tó ní D, tó ń kó gbogbo nǹkan sórí Desktop, àká òfìfo ló kọ́. Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025, nítorí náà ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ni wọ́n máa pààrọ̀ sístẹ́ẹ̀mù rẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí àká ní nǹkan nínú.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ti gbà pẹ̀lú wa. Yàrá ọ̀tọ̀ ni Android wà lórí fóònù, yàrá ọ̀tọ̀ ni fọ́tò yín. Ìdí nìyẹn tí update fi ń wọlé láìfọwọ́ kan fọ́tò. Apple náà ya macOS kúrò lára fáìlì èèyàn pẹ̀lú Catalina ní 2019.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Bíi ilé face-me-I-face-you ní Orílé ni dísìkì tí a pín. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, wàhálà yàrá kìíní lè má kan ti kejì. Ṣùgbọ́n òrùlé kan ló bo gbogbo wọn. Tí dísìkì bá kú, C àti D jọ kú ni. Tí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù nínú dánfó, kò ní fi D sílẹ̀ lórí ìjókòó. Dísìkì ìta kan ní ilé, tàbí àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni òrùlé kejì. D máa gbà wá lọ́wọ́ fọ́máàtì. Òrùlé kejì ló máa gbà wá lọ́wọ́ iná àti olè.