Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gbọ́: Ìtàn Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Gba Ìpè Pàjáwìrì

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 192 láti Ardwick lọ sí àárín ìlú Manchester, ẹ máa rí ilé ńlá kan ní London Road, tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Piccadilly. Bíríkì pupa àti amọ̀ sísun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń gba iwájú ẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì bèèrè rí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfìgbà tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi kan délẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó kàwé gboyè níbí, ó wáṣẹ́ títí. Nígbà tó máa ríṣẹ́, iṣẹ́ gbígba ìpè pàjáwìrì fún áńbúláǹsì ló rí. Bàbá ẹ̀ pè mí láti Ìbàdàn. "Nọ́ọ̀sì, ṣé torí kó lè máa gbé fóònù ni mo ṣe ta ilẹ̀ rán an lọ Ìlú Ọba?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wádìí ẹ̀ dáadáa, màá pè yín padà." Ohun tí mo rí nìyí. Mo kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1935. Ilé kan ń jó ní Wimpole Street, London. Aládùúgbò kan, Norman Macdonald, gbé tẹlifóònù kó lè pe panápaná. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn ló ń fọwọ́ so ìpè pọ̀, kò sì sí ohun tó máa fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìpè ẹni tí iná ń jó àti ìpè ẹni tó kàn fẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Wọ́n fi í sórí ìlà, wọn ò dá a lóhùn. Obìnrin márùn-ún ló kú nínú iná náà. Macdonald fìbínú kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1937, nọ́ńbà 999 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London. Òun ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láyé. Glasgow tẹ̀ lé e ní 1938, ṣùgbọ́n ó di 1976 kó tó kárí gbogbo Britain. Bí ìpè 999 bá wọlé, iná pupa á tàn, aago á dún, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì fi ìpè yòókù sílẹ̀. Ìmọ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: kéèyàn mọ ìpè tí kò lè dúró.

Ìmọ̀ kejì wá láti inú ilé London Road wa yìí. Ọdún 1906 ni wọ́n ṣí i. Àwọn panápaná ló ni ín, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wà níbẹ̀, áńbúláǹsì wà níbẹ̀, kódà báǹkì àti kọ́ọ̀tù tí wọ́n ti ń wádìí ikú wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn ń gbé inú ẹ̀. Ní 1952, ibẹ̀ ló di ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ìpè pàjáwìrì sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tí iná ń jó lè fi ìbẹ̀rù sọ orúkọ àdúgbò lẹ́ẹ̀kan, kí fóònù já. Ẹ̀rọ yẹn ló gbá ẹyin náà mú kó tó balẹ̀: wọ́n lè tún un gbọ́, wọ́n sì lè fi kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé níṣẹ́.

Síbẹ̀, fún ọdún púpọ̀, àdírẹ́sì lẹni tó gbé ìpè máa ń gbà, á ní "wọ́n ti ń bọ̀," ó parí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, dókítà kan ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, Jeff Clawson, kọ ìbéèrè àti ìtọ́ni sórí káàdì fún àwọn tó ń gba ìpè, kí wọ́n lè sọ ohun tí onítọ̀hún máa ṣe kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn áńbúláǹsì ilẹ̀ yìí náà ti ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ báyìí, orí kọ̀ǹpútà ló wà. Wọ́n á bi yín pé, "Ṣé ó ń mí?" Bí kò bá mí, wọ́n á ní kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ lé àárín àyà ẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì máa bá yín kà á. Èmi nọ́ọ̀sì ń sọ fún yín: ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró, tí ẹnikẹ́ni ò tẹ àyà fún kí áńbúláǹsì tó dé, ó máa ń ṣòro ká tó rí nǹkan ṣe sí i ní ọsibítù. Ìmọ̀ kẹta nìyẹn: kí ohùn di ọwọ́.

Ìkẹrin, ìlú Manchester sanwó ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ilé London Road ti pa dé ní 1986, nígbà tó sì di 2014, yàrá tí wọ́n ti ń gba ìpè iná fún Manchester ti kó lọ sí Warrington. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2017, bọ́ǹbù bú gbàmù ní Manchester Arena, èèyàn 22 kú. Ó lé ní wákàtí méjì kí panápaná tó dé ibẹ̀. Ìwádìí tí Sir John Saunders ṣe alága ẹ̀ sọ ọ́ kedere ní 2022 pé ọlọ́pàá, áńbúláǹsì àti panápaná ò bára wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, àti pé ìròyìn tó yẹ kí yàrá kan fún yàrá kejì ò kọjá. Àwọn baba wa tó ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ èyí: bí àrokò ò bá dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi rán sí, bí ìgbà tí wọn ò rán an ni.

Ẹ wò ó, ìmọ̀ mẹ́rin: mímọ ìpè tó le, fífi etí gbá ọ̀rọ̀ mú, fífi ohùn tọ́ni, jíjẹ́ iṣẹ́ dé ibi tó yẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lọ́wọ́ ẹni tí Bàbá ní ó kàn ń gbé fóònù. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Igbe, ẹkún àti èébú ni wọ́n máa fi rán wọn. Ọ̀rọ̀ tó tòrò ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi jẹ́ ẹ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀.

Ibo wá ni iṣẹ́ náà ń gbé èèyàn lọ? Kò dandan kéèyàn ní dígíríì kó tó wọlé. Wọ́n á wo Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti bí ọwọ́ ṣe yá lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní kíláàsì, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó ti ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ò pọ̀, Band 3 tàbí 4 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ àkàsọ̀ wà níbẹ̀: látorí gbígba ìpè, wọ́n lè bọ́ sídìí rírán ọkọ̀ jáde, kí wọ́n di olórí ikọ̀, olùkọ́, ẹni tó ń tún ìpè gbọ́ láti yẹ iṣẹ́ wò, tàbí ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo yàrá náà. Àwọn kan máa ń gbabẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ paramedic. Àwa nọ́ọ̀sì náà ní àyè níbẹ̀, lórí tábìlì tí wọ́n ti ń fi fóònù yẹ aláìsàn wò. Mi ò ní purọ́ fún yín: iṣẹ́ òru wà níbẹ̀, igbe tí èèyàn gbọ́ á sì máa bá a délé nígbà mìíràn. Kí wọ́n má fi pa mọ́ra. Kí wọ́n bá ẹnìkan sọ ọ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn. Ẹ jẹ́ n bi yín: bí ìyá kan láti Longsight bá pe 999, tó ní "My body is doing me somehow," ta ló máa tètè mọ ìbéèrè tó kàn?

Mo pe Bàbá padà, mo rò fún un bí mo ṣe rò fún yín. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé tí nǹkan bá ṣe mí níbí ní òru, nọ́ńbà wo ni màá pè?" Mo ní 112 ni, àti pé àwọn ará Èkó ní 767 pẹ̀lú. Ó ní kí n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, òun ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Kí ọmọ yẹn pè mí tó bá ti sinmi."