Ògìdì Ìjùmú: Ìlú Àgbẹ̀ Láàárín Àpáta

Okun o! Ìkíni yìí gan-an ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Òwé tó wà ní Kabba, Ìjùmú, Yàgbà, Búnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, okun ni a fi ń kí ara wa, ni wọ́n bá kúkú ń pe gbogbo wa ní Okun.

Nínú Ìjùmú ni Ògìdì wà, kò jìnnà sí Kabba. Àpáta ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí. Àpáta kì í ṣe ohun ìwòran lásán ní ilẹ̀ Okun. Kí ọdún 1897 tó dé, ogun Tápà láti Bídà kò jẹ́ kí àwọn baba wa sinmi, orí òkè sì ni ọ̀pọ̀ sá sí.

Ó yẹ kí àwa Mùsùlùmí sọ èyí láìfi bò, nítorí ọba Bídà náà ń kírun. Ẹrú àti ìsákọ́lẹ̀ ni ogun náà wá gbà, kì í ṣe wàásù ni wọ́n bá wá. Ẹni tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ kò lè gbọ́ orúkọ ẹ̀sìn wọn kí inú rẹ̀ dùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, Goldie, olórí Royal Niger Company, kó ọmọ ogun wọ Kabba, ó kéde pé agbára Bídà ti tán níbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Bídà fúnra rẹ̀ ti ṣubú. Ìjọba òyìnbó tẹ̀ lé e. A bọ́ sí Kwara ní 1967, a sì di ara Kogi ní 27 oṣù kẹjọ, 1991.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ wa: iṣu, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, kọfí àti kòkó. Ṣùgbọ́n òwú ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa ran án, wọn a rẹ ẹ́ láró, wọn a sì hun ún lórí òfì tó dúró lóòró. Àwọn Búnú tilẹ̀ ń tú òwú pupa lára bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù tí òyìnbó kó wá, kí wọ́n lè fi hun aṣọ ìpò tí wọ́n fi ń sin àgbà pàtàkì. Ọgbọ́n mà nìyẹn!

Òwú ọjà ti gba ipò òwú oko báyìí, àwọn ọmọbìnrin tó mọ òfì sì ń dínkù. Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní 1951, láàárín ahunṣọ àti aláró ni wọ́n dàgbà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, wọn kò sì gbàgbé ilé: wọ́n ní irú rẹ̀ ní Ògìdì. Ẹni tó bá fẹ́ rí òfì náà lójú ara rẹ̀, kó yà síbẹ̀ kó tó padà sílé.